Ìwúkàrà Tí Kò Fẹ́ Ooru

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Tòún kọ́kọ́ rí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fìríìjì ńlá kan lẹ́bàá títì ní Ìdímù, ó ti orí bọ àárín àwọn irin rẹ̀. Sùtánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, eruku pupa sì ti kun gìgísẹ̀ rẹ̀. Orin ìjọ rẹ̀ ló ń kọ jẹ́jẹ́ sí fìríìjì náà, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Tòún dúró wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá fúláàsì kan mọ́ àyà. Láti àárọ̀ ló ti ń wá yìnyín kiri. Ó ti dé Ìkòtún, ó ti dé Ẹgbẹ́dá, ohùn kan náà ni gbogbo àwọn tó ń tà á ń fọ̀: kò síná, kò sí dísù fún jẹnẹrétọ̀, yìnyín ò sí. Oṣù kẹrin ọdún 1996 ni, ooru ọdún yẹn sì le ju ẹnu lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí yìnyín rà lọ́dọ̀ yín?"

Ọkùnrin náà yọ orí jáde. Gíríìsì ti kùn ún ní imú. "Àǹtí, fìríìjì ni mò ń tún ṣe, mi ò kí ń ta yìnyín. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Nǹkan kan ló wà nínú fúláàsì yìí tí ò gbọdọ̀ gbóná."

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

"Rárá. Ìwúkàrà ni."

"Ìwúkàrà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì?"

"Ẹbí rẹ̀ ni."

"Ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn ká gbogbo Alímọ̀ṣọ́ nínú oòrùn yìí nítorí búrẹ́dì?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Tòún kò rín. Omi ló lé ròrò sí i lójú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin náà má baà rí i. Ó rí i. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìde, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Kò pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi ké lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Tòún máa fi wọlé, ọkùnrin náà ti ń kó ìgò míníràlì rẹ̀ jáde nínú fìríìjì kékeré kan tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ kó o síbí," ó ní. "Ẹ má bínú sí ẹ̀rín mi. Ẹnu mi máa ń ṣáájú ọpọlọ mi."

Bí Tòún Ọláníyan ṣe mọ Báyọ̀dé Akínbọ́lá nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdánìkanwà. Tòún ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ sì ni ìwúkàrà yẹn. Àwọn olùkọ́ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn, ilé ìwádìí wà ní títì, kò síná níbẹ̀. Gbogbo ìwúkàrà tó kù sínú fìríìjì ibẹ̀ ló kú. Ìwọ̀nba tó rí kó sínú àwọn ìgò tín-ín-rín mẹ́rin ló gbé wá sí Ìgàndó, níbi tó ti háyà yàrá kan nínú ilé tuntun tí igbó ṣì yí ká.

Bí àwọn ará ilé bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun nìkan ló kù. Ilẹ̀ á ṣú nígbà mìíràn tí kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Sunday, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, á jókòó sẹ́yìn, á bọ àwọn tó jókòó tì í lọ́wọ́, á sì padà sílé. Ó ti wá ń bá ìwúkàrà sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ìwúkàrà ò létí, ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni.

Ojoojúmọ́ ló wá ń lọ sí Ìdímù láti wo ìgò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lóòótọ́, ìgò ló ń lọ wò.

"Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ibẹ̀ gan-an?" Báyọ̀dé bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ìgò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Èmi rí i bí omi ògì."

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe," Tòún ní. "Ẹyọ ìwúkàrà kan, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, ojú lásán ò lè rí i. Síbẹ̀ ó ń pèsè nǹkan nínú lọ́hùn-ún tó fẹ́ kó dé ìta. Kò lè kàn dà á nù. Á dì í sínú àpò kékeré, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àpò náà, á sì fi ránṣẹ́."

"Àpò náà ṣe ń mọ ibi tó ń lọ?"

Tòún wò ó. Kò sí ẹni tó ti bi í ní irú ìbéèrè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ti yunifásítì pa. "Ìyẹn gan-an ni. Ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣìlé."

"Ẹnì kan á ti kọ àdírẹ́sì sí i."

"Ó fara jọ ọ́. Purotéènì kan yọ síta lára àpò náà bí okùn. Òmíràn yọ lára awọ ibi tó ń lọ. Tí wọn ò bá bára mu, àpò á kọjá lọ. Tí wọ́n bá bára mu, wọ́n á lọ́ mọ́ra." Ó lọ́ ìka rẹ̀ méjì mọ́ra. "Wọ́n á fa awọ méjèèjì súnmọ́ra títí tí wọ́n á fi di awọ kan. Ìgbà yẹn ni ẹrù tó ń jáde."

"Ṣé wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí ni?"

"Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Àwọn okùn yẹn ò lè tú ara wọn, bí wọn ò bá sì tú, wọn ò ní wúlò fún àpò mìíràn. Purotéènì kan wà tó jẹ́ pé títú wọn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ti inú ìwúkàrà mi yìí ní àléébù, kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá ti tó ti ara èèyàn, á dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Bíi ti àwọn olùkọ́ yín."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

"Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Àpò á máa kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù wà nínú wọn, wọn ò rílé wọ̀. Tí ooru bá tètè lọ, purotéènì yẹn á padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá pẹ́ jù, wọ́n á kú."

Báyọ̀dé dá ìgò náà padà sínú fìríìjì, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. "Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí," ó ní. "Kí ẹrù wà nínú èèyàn, kó má rílé wọ̀."

Ó sọ fún un nígbà náà pé òbí òun ti kú tipẹ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ tí àwọn jọ kọ́ṣẹ́ ti láya nílé, àti pé ìdí tí òun fi ń kọrin fún fìríìjì ni pé kò sí ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Tòún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é. Ó jókòó sórí àpótí kan níbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Báyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín dé ìdajì ọ̀nà Ìgàndó nírọ̀lẹ́. Wọn a ra bọ̀ọ̀lì, wọn a máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Ó bi í ní oríkì rẹ̀, Tòún ní Àbẹ̀kẹ́ ni, ọkùnrin náà kò sì tún pè é ní Àǹtí mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ̀ pé ìwúkàrà rẹ ló ń jẹ gbogbo dísù mi?"

"Ẹ kó o síta nígbà náà, Bọ̀dá Báyọ̀dé."

"Kí n kó o síta kí o má wá mọ́? Mi ò tíì ya wèrè."

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ní òun fẹ́ kí Tòún jẹ́ aya òun. Kò fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe é. Tòún ní òun gbọ́, òun á lọ sọ fún ìyá òun ní Abẹ́òkúta.

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó dé. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ló kọ́kọ́ bi í.

"Ó ń tún fìríìjì ṣe, mà."

"Kò burú. Iṣẹ́ tó ń bọ́ni ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ?"

Tòún sọ fún un. Ìyá gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀.

"Aláṣọ funfun. Rárá, Tòún."

Ìyá Tòún ní àbúrò kan rí tó ń jẹ́ Lucy. Aláṣọ funfun ló fẹ́. Nígbà tó ń rọbí, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ilé àdúrà ni àwọn ẹbí ọkọ gbé e lọ. Wọ́n ní kí àwọn gbàdúrà díẹ̀ ná kí wọ́n tó gbéra lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n máa fi gbéra, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá Tòún ló wẹ òkú rẹ̀, òun ló wẹ òkú ọmọ náà pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò dà bí àná lójú rẹ̀.

"Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ bá le, àdúrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò," ó ní. "Mo ti sin ẹnì kan. Mi ò ní sin ọ́."

Tòún padà sí Èkó, ó sì sọ ọ́ fún Báyọ̀dé bó ṣe gbọ́ ọ, títí kan ti ẹ̀jẹ̀.

"Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ láéláé," ó ní.

"Mo mọ̀," Tòún ní.

Ó wù ú kó mọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ohun kan ṣoṣo lọ: ṣé ọwọ́ ọkùnrin yìí ṣe é fi ẹ̀mí ara ẹni lé? Bó bá ṣe é fi lé, yóò bẹ ìyá rẹ̀ títí ìyá yóò fi gbà. Bí kò bá ṣe é fi lé, yóò padà sínú yàrá Ìgàndó, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó jí tàbí kò jí láàárọ̀.

Ní ìjọ Báyọ̀dé ní Akówónjọ, ọjọ́ Sunday kan máa ń wà lọ́dọọdún tí olúkúlùkù á gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ kí wọ́n súre sí i. Télọ̀ á mú àlùmọ́gàjí, káfíńtà á mú òòlù. Sípánà ni Báyọ̀dé máa ń mú lọ. Lọ́dún yẹn, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Tòún. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ kò tán, ìyá kò gbà, iṣẹ́ kò lọ síwájú. Bí ẹnì kan bá nílò ìbùkún iṣẹ́ ọwọ́, Àbẹ̀kẹ́ òun ni. Ó ṣí fìríìjì kékeré, ó kó ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú áńkáṣíìfù funfun, ó gbé e lọ.

Inú rere ló fi ṣe é. Ká má purọ́, inú rere ti ba nǹkan jẹ́ láyé yìí ju inú burúkú lọ.

Tòún yà ní Ìdímù lọ́sàn-án ọjọ́ náà bó ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún Báyọ̀dé pé òun ti pinnu, pé òun máa padà lọ bá ìyá òun. Ó ṣí fìríìjì, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi rí Báyọ̀dé tó ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́, mo ti kó wọn dé pẹpẹ. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà lé wọn lórí."

Tòún gba áńkáṣíìfù náà. Ó gbóná. "Ibo ni wọ́n gbé wọn sí?"

"Níwájú pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn." Ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ mọ bí ìsìn wọn ṣe ń gùn tó. Páànù gbígbóná wà lókè, àbẹ́là sì ń jó nísàlẹ̀.

"Mo sọ fún yín," Tòún ní. "Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín lójú títì yìí nìyẹn."

"O sọ fún mi. Mo gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé. Àdúrà lẹ kọ́kọ́ rò."

Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. "Òótọ́ ni," Báyọ̀dé ní. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Tòún kó ìgò rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí fìríìjì, ó sì kọrí sí Ìgàndó. Báyọ̀dé tẹ̀ lé e díẹ̀, ó sì dúró.

Tòún ti dá wà rí, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ adùn oyin lè máa mu ògì láìní ṣúgà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ sórí igbó tó yí ilé náà ká. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ máa lọ sọ́nà Ìdímù, á sì jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Inú bí i sí Báyọ̀dé, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sunkún fún.

Ó da díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sórí oúnjẹ ìwúkàrà nínú àwo pẹlẹbẹ, ó sì gbé àwọn àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, níbi tó tutù jù nínú yàrá. Kò ní ìrètí kankan. Àwo mẹ́ta kò hu nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí àmì funfun kéékèèké lórí ìkẹrin, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ooru ti lọ kúrò lára àwọn wọ̀nyí kó tó pẹ́ jù. Okùn ti tú, àpò ti rílé wọ̀, wọ́n ti ń bí sí i.

Ó dìde pẹ̀lú àwo náà lọ́wọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ síta. Kò sẹ́nì kan nínú ọgbà. Kò sí ẹni tí yóò fi hàn, àyàfi ẹni tó wà ní Ìdímù. Tòún jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ibi tí ìyá rẹ̀ bá a sí nìyẹn. Ó wá láti Abẹ́òkúta nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti gbúròó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Tòún sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń retí kí ìyá sọ pé, ṣebí mo wí. Ìyá kò sọ ọ́.

"Nígbà tí o bi í, kí ló sọ?"

"Ó ní òun ló jẹ̀bi, mà."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Kò sọ nǹkan mìíràn."

Ìyá jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. "Títí dòní, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun jẹ̀bi ikú Lucy. Wọ́n ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Tòún, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọgbẹ́ yẹn jinná." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Mú mi lọ rí i."

Báyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó rí wọn. Ìyá kò ní kó dìde.

"Ìwọ lo kó iṣẹ́ ọmọ mi síwájú àbẹ́là?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ní kí o kó o?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kó o, mà. Èmi ni mo gbé e."

"Àwọn wòlíì yín ò sọ fún ọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni?"

"Wọ́n sọ ọ́, mà. Mo ní kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣí fìríìjì."

Ìyá wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ nílẹ̀. "Bí ọmọ mi bá ń rọbí nílé rẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ibo lo máa gbé e lọ?"

"Ọsibítù, mà."

"Ṣé o ò ní gbàdúrà ni?"

"Mà á gbà á, mà. Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Kí ẹ tó kúrò nílé, àbí lójú ọ̀nà?"

"Lójú ọ̀nà, mà. Tó bá sì jẹ́ èmi ni mo ń wakọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbà á."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Dìde," ó ní. "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí dọ̀tí." Ó bọ́ síta, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi etí ìró nu ojú. Wọ́n jẹ́ kó sunkún rẹ̀ fún Lucy níbẹ̀, wọn ò dá a lẹ́kun.

Àwọn méjèèjì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òun yóò gbé ọwọ́ sí.

"Ìkan hù," Tòún ní. "Nínú mẹ́rin."

Báyọ̀dé bo ojú. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti tutù. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé wàá padà wá?"

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

"Ṣé ẹ ò ní já mi kulẹ̀ mọ́?"

Ọkùnrin mìíràn ì bá búra. Báyọ̀dé ronú sí i. "Mà á já ọ kulẹ̀," ó ní. "Mi ò mọ ọjọ́ náà, mi ò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ọ láéláé pé kì í ṣe èmi."

Tòún wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí i.

"Ó tó mi," ó ní.